Kí A Tó Sìnkú: Ẹ̀tọ́ Ẹbí Lórí Ikú Tí Àìbìkítà Fà

  Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀dẹ́, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òfin fún ẹbí láṣẹ láti ṣe nígbà tí èèyàn wọn bá kú nítorí pé ẹlòmíràn kò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Tọkàntọkàn ni mo fi gba iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó kan ilé kọ̀ọ̀kan ní ìlú yìí ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ẹ̀tọ́ ẹbí lórí irú ikú bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ tó wà láàárín ikú àti ìsìnkú, àti ìdákẹ́ tó máa ń tẹ̀lé ìsìnkú, ni ẹ̀tọ́ náà ti ń bọ́ sọnù. Gbogbo ohun tí mo bá sọ títí n ó fi jókòó, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí ni.

Ikú wo là ń sọ?

Ẹ wo ibi tí a wà. Ọ̀sà wà níwájú wa. Ní kùtùkùtù, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní èbúté níbí, ó ń kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní apá Ajah àti Lẹ́kí kọjá sí Badore, kí wọ́n má baà há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn yẹn náà ló ń padà bọ̀. Lórí títì Itamaga sí ìhín, típà tó ń kó yanrìn, dáńfó, máruwá àti ọ̀kadà ni wọ́n jọ ń du ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1985, tí wọ́n kọ́ kó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ kọngílá, níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, níbi tí wọ́n ti ń lagi, àti lórí ilé tí wọ́n ń kọ́. Waya iná gba orí òrùlé wa kọjá. Ibi tí nǹkan báyìí bá ti pọ̀, ìṣọ́ra ẹlòmíràn ni ẹ̀mí ẹni gbára lé.

Kì í ṣe gbogbo ikú ni ẹjọ́. Àìsàn ń pa èèyàn, ọjọ́ ogbó ń pa èèyàn, ìjì lè dé lójijì lórí omi kó má sí ẹni tó lè dá a dúró. Ìbéèrè mẹ́ta ni adájọ́ máa ń bi ara rẹ̀. Ṣé ojúṣe ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni láti ṣọ́ ẹ̀mí ẹni tó kú? Ṣé ó kùnà nínú ojúṣe náà? Ṣé ìkùnà yẹn ló fa ikú? Bí ọlọ́kọ̀ ojú omi bá kó èèyàn ju iye tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbé, tí kò fún wọn ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tó sì gbéra lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú láìsí iná lára ọkọ̀, ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní pẹ́ yọ. Bí waya bá já, tí àdúgbò ti fi tó àwọn tó ni ín létí, tí wọn ò wá tún un ṣe, tí ọmọ kan sì tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni.

“Àmúwá Ọlọ́run ni”

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n á ní ẹbí tó bá gbowó lórí òkú ti jẹ owó ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ní kí a fi ìjà fún Ọlọ́run jà. N kò wá síbí láti fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òkú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ìwé mímọ́ méjèèjì tí a ń kà ní ìlú yìí.

Nínú Àlùkùránì, Súrà kẹrin, àyà kejìléláàádọ́rùn-ún, àṣẹ wà pé ẹni tó bá pa onígbàgbọ́ láìmọ̀-ọ́n-mọ̀, yóò san díyà, ìyẹn owó ẹ̀mí, fún àwọn ẹbí ẹni náà, àfi bí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda rẹ̀. Nínú Bíbélì, Ẹ́kísódù orí kọkànlélógún, ọ̀rọ̀ màlúù tó ń kan èèyàn wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún olówó màlúù náà tẹ́lẹ̀, tí kò so ó, tí màlúù sì kan èèyàn pa, ọrùn olówó màlúù ni ẹ̀bi wà, wọ́n sì lè bù lé e kó san owó láti fi ra ẹ̀mí ara rẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀bi níbẹ̀: wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò sì ṣe nǹkan kan. Ohun tí adájọ́ ní kóòtù Ìkòròdú yóò wádìí lónìí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dárí jì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.

Ìdí kejì tún wà. Bí ọlọ́kọ̀ bá mọ̀ pé bí èèyàn mẹ́wàá bá kú sínú ọkọ̀ òun, saara àti ẹ̀bẹ̀ ni yóò parí rẹ̀, kí ni yóò mú un ra ẹ̀wù omi tuntun? Bó bá mọ̀ pé ilé mẹ́wàá ni yóò pe òun lẹ́jọ́, yóò ra ẹ̀wù náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹbí tó bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń ṣọ́ ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ lọ́la.

Bí òfin yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Òfin tí a ń lò yìí ní ìtàn tó yẹ kí ẹ gbọ́. Ní ọdún 1808, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, ọkọ̀ náà dojú dé. Obìnrin náà jẹ̀rora fún bí oṣù kan, ó sì kú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí kóòtù, Adájọ́ Ellenborough fún un ní owó fún ọgbẹ́ tirẹ̀ àti fún àkókò tí ìyàwó fi wà lórí àìsàn, àmọ́ ó ní kóòtù kò lè ka ikú èèyàn sí ohun tí a lè gba owó lé lórí. Ẹ wo ohun tí ìdájọ́ yẹn mú jáde: ẹni tó ṣe èèyàn léṣe yóò sanwó, ẹni tó pa á pátápátá yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ogójì ọdún ó dín méjì ni ẹ̀kọ́ búburú yẹn fi dúró láìsí àtúnṣe. Rélùwéè ló fọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní 1846, tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ Lord Campbell pè, pé ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ ẹni tó kú lè pe ẹni tó fa ikú náà lẹ́jọ́. Ìlànà yẹn ni àwọn aṣòfin tiwa náà tẹ̀ lé. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, wọ́n fi í sínú Torts Law. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní Fatal Accidents Law tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí ni ẹjọ́ tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé. Ní 1981, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pa ọkùnrin kan tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún, nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó pè ṣì wà níwájú kóòtù. Àwọn ẹbí rẹ̀ mẹ́rìnlá, pẹ̀lú Aliu Bello ní iwájú wọn, pe Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ìjàkadì wọn gun òkè láti kóòtù dé kóòtù títí ó fi dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ. Ní 1986, àwọn adájọ́ ibẹ̀ dá wọn láre. Wọ́n ní ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, pé ìjọba rú òfin, àti pé níbi tí ẹ̀tọ́ bá wà, kóòtù gbọ́dọ̀ wá àtúnṣe fún un. Ẹni tí wọ́n ti pè ní adigunjalè lẹni náà, ìjọba ló pa á, ẹbí rẹ̀ sì jàre. Bí irú ẹbí yẹn bá lè rí ìdájọ́ gbà, kí ló dé tí ìyàwó apẹja Ìjẹ̀dẹ́ á fi gbà pé òfin kì í ṣe fún irú òun?

Ta ló ni owó náà?

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ẹbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ẹ̀tọ́ méjì ló wà. Èkíní jẹ́ ti ẹni tó kú fúnra rẹ̀: ìrora tó jẹ kó tó kú, owó ìwòsàn, ohun ìní rẹ̀ tó bàjẹ́. Èyí di ara dúkìá rẹ̀, wọ́n sì ń pín in bí ogún. Ìkejì jẹ́ ti àwọn tó gbójú lé e: oúnjẹ, owó ilé ìwé, owó ilé, àti gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń pèsè fún wọn. Owó ìkejì yìí kì í ṣe ogún. Kò sí pé à ń pín in ní ìdí-igi, kò sí pé à ń pín in ní orí-ò-jorí, olórí ẹbí kò sì ní àṣẹ láti kó o pamọ́. Kóòtù ló máa ń wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdánù, tí yóò sì pín in bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí yóò lọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́tàdínlógún sí i lè gbà ju àbúrò bàbá tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó tí a fẹ́ nílànà ìbílẹ̀ tàbí nílànà Mùsùlùmí, ìyàwó ni lójú òfin wa. Ọmọ tí a bí síta, ọmọ ni. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè 1999, abala kejìlélógójì, kò gbà kí a fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ẹ má lé opó jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹ̀rí ẹjọ́ yín ni ẹ ń lé yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọkùnrin kan tó ń gba ₦120,000 lóṣù. Ó ń ná ₦40,000 lórí ara rẹ̀, ₦80,000 ń wọlé fún ìyàwó àti ọmọ. Ìyẹn jẹ́ ₦960,000 lọ́dún. Adájọ́ yóò wo ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti iye ọdún tó ṣeé ṣe kó tún fi ṣiṣẹ́, yóò wá mú iye ọdún kan tó bójú mu. Bó bá mú ọdún mẹ́wàá, ₦9,600,000 ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣírò iye tí ẹ̀mí tó. Oúnjẹ tó kúrò lórí tábìlì ni wọ́n ń ṣírò. Ohun tó fà á nìyí tí ẹ̀rí owó tó ń wọlé fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní ìwé owó oṣù. Ìyá tó ń tajà lọ́jà ńkọ́? Káàdì àjọ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Álẹ́ẹ̀tì báńkì tó wà lórí fóònù, rìsíìtì owó ilé ìwé, oníbàárà tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rí ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà kò pa pọ̀

Bí ó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni ikú ti ṣẹlẹ̀, Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Àjọ NSITF ló ń ṣe àmójútó rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sí i, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹbí kò ní láti fi hàn pé agbanisíṣẹ́ jẹ̀bi. Bí iṣẹ́ bá ti fa ikú, ó ti tó. Bí òkú bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ tí wọ́n gbójú lé e pátápátá, ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa gbà lóṣooṣù. Fún ọkùnrin tí a ṣírò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ₦108,000 nìyẹn. Ọmọ lè máa gbà títí yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tàbí títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ Yunifásítì àkọ́kọ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ kọngílá: òfin náà ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́ àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá sọ fún ìyá yín pé “kò sí nínú ìwé wa” kò tíì dá ìyá yín lóhùn.

Bí ó bá jẹ́ ojú títì ni, ẹ bèèrè ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ ní èyí tó kéré jù, èyí tí iye rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni di ₦15,000 lọ́dún láti oṣù kìíní ọdún 2023. Nítorí ikú àti ìpalára ẹni tó wà lójú ọ̀nà ni òfin ṣe fi dandan lé e. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń bá awakọ̀ tálákà ṣe ìjà owó ìsìnkú, nígbà tí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó yẹ kó sanwó kò tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnì kan kú.

Lórí omi, ẹni tó ni ọkọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe ọmọ tó ń wà á nìkan. Àwọn àjọ tó ń ṣe àbójútó omi náà wà: LASWA ti ìjọba Èkó, àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sọ ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun ló ni àṣẹ lórí ipa omi abẹ́lé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wádìí ìwé àṣẹ ọkọ̀ náà àti ẹni tó fún un.

Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ agbófinró ni ikú ti wá, abala kẹtàlélọ́gbọ̀n Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè dáàbò bo ẹ̀mí, ẹbí sì lè gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti 2020, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi ṣe olórí rẹ̀ jókòó ní Èkó, ó sì fún àwọn ẹbí kan tí ọlọ́pàá pa èèyàn wọn ní owó tó tó ₦10 mílíọ̀nù. Àwọn tó gbé ìwé ẹ̀sùn wá ni wọ́n dá lóhùn.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, ẹ rántí ọkọ̀ Dana tó já lulẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 2012. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, àwọn tó wà nílé wọn náà kú. Òfin ọkọ̀ òfuurufú tó wà nígbà náà, ti 2006, ti sọ iye tó yẹ: 100,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ san ó kéré tán 30,000 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ló tún ní láti lọ sí kóòtù. Owó tí òfin ti kọ sílẹ̀ pàápàá kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé.

Kọ́rónà

Láti 2007 ni Èkó ti ní Coroners' System Law. Májísíréètì ni wọ́n ń yàn ṣe kọ́rónà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí ẹni tó kú, ìgbà tó kú, ibi tó kú sí àti ohun tó pa á. Ikú òjijì, ikú oró, ikú tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ikú ní àhámọ́, gbogbo wọn ló yẹ kó dé etí rẹ̀. Kọ́rónà kì í fún ẹbí lówó, kì í sì í sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ohun tó ń fúnni ju owó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ó ń mú kí dókítà, ẹnjiníà àti òṣìṣẹ́ ìjọba wá búra, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè ní gbangba, kí wọ́n kó ìwé jáde. Lọ́yà ẹbí lè jókòó níbẹ̀ kó bi wọ́n léèrè.

Nígbà tí ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkọ̀tún ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, tí èèyàn 116 kú, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wá láti South Africa, Májísíréètì Oyetade Komolafe ló jókòó ṣe kọ́rónà. Ní oṣù keje ọdún 2015 ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde: bí wọ́n ṣe ya ilé náà àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kò dára tó, kí wọ́n gbé àwọn ẹnjiníà lọ sí kóòtù. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun rí ìtàn òtítọ́ kan tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú.

Ìwádìí kì í fìgbà gbogbo sọ ohun tí ẹbí ń retí. Ní tòsí wa ní Ẹ̀pẹ́, kọ́rónà jókòó lórí ikú akẹ́kọ̀ọ́ Dowen College kan tó kú ní 2021. Ní 2024 ó sọ pé àìsàn ló pa ọmọ náà, kì í ṣe ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí gbogbo ìlú ti pè ní apànìyàn bọ́ nínú orúkọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé ó lè gba apá ibòmíràn yọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wa, a sì ń sáré sin òkú. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi òkú sílẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé bí ikú bá jẹ́ ti ìjàǹbá, kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí ní wákàtí yẹn, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí kọ́rónà gbọ́ sí i, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí dókítà tètè ṣe àyẹ̀wò nítorí ẹ̀sìn yín. Òkú tí a sin láìsí àyẹ̀wò ti gbé ẹ̀rí rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Kọ́rónà lè pàṣẹ kí wọ́n hú u, àmọ́ ta ni yóò fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí ìyẹn?

Kí ẹnì kan nínú ẹbí, tí ẹkún kò tíì borí, mú ìwé àti báírò. Kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Kó ya fọ́tò ọkọ̀, waya, ẹ̀rọ tàbí ilé náà kí wọ́n tó gbé e kúrò. Kó gba ìwé ọlọ́pàá ní tésàn, ìwé ẹ̀rí ikú, àti àbọ̀ àyẹ̀wò dókítà. Kó kó rìsíìtì owó ọkọ̀ òkú àti ti ìsìnkú pamọ́. Bí a bá ti parí àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kí ẹbí jókòó, kí wọ́n yan ẹni tí yóò lọ sí ẹ̀ka ìwé ìhágún ti Kóòtù Gíga Èkó láti gba àṣẹ ìṣàkóso dúkìá. Ẹni yẹn ni yóò pe ẹjọ́ lórúkọ gbogbo wọn. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀, àwọn tó gbójú lé òkú lè pe ẹjọ́ náà fúnra wọn.

Aago òfin kì í sì í dúró de ọ̀fọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́, ẹ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ìwé ìbéèrè yín sì dé NSITF kí ọdún kan tó pé. Fún ẹjọ́ ikú láti ọwọ́ àìbìkítà, ọdún mẹ́ta ni, láti ọjọ́ ikú. Àmọ́ bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba ló ṣe é nínú iṣẹ́ rẹ̀, òfin tó ń dáàbò bò wọ́n lè sọ pé oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ní. Oṣù mẹ́ta! Ogójì ọjọ́ òkú nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì rẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìkan ni kò ní gbèdéke, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ọdún 2009 ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ ìwé tí wọ́n bá gbé wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ojú ṣì wú, ẹnì kan lè wá láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú owó ìsìnkú, kó ní “ẹ kàn fọwọ́ sí ibí yìí.” Bí ìwé náà bá sọ pé ẹ ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí yín, tí ẹ kò ní bèèrè ohunkóhun mọ́, ẹ ti ta ẹjọ́ yín ní iye pósí. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fún yín lówó ìsìnkú, ẹ fún un ní rìsíìtì pé owó ìsìnkú ni, kí ẹ gbé ìwé yòókù lọ fún lọ́yà.

Ẹ óò bi mí pé, ta ni yóò san owó lọ́yà? Ìjọba Èkó ní OPD, tó ń gba ẹjọ́ tálákà láìgba owó. Ìjọba àpapọ̀ ní Legal Aid Council. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Ìkòròdú. Bí ẹbí àti ẹni tó fa ikú náà bá sì ṣetán láti parí ọ̀rọ̀ ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀, Citizens' Mediation Centre lè bá wọn làjà, kí àdéhùn wọn wà nínú ìwé.

Ohun tí Ìjẹ̀dẹ́ lè ṣe

Kábíyèsí Alájẹ̀dẹ́, mo bẹ̀ yín kí àṣẹ yín ti àwọn ohun mẹ́ta yìí lẹ́yìn. Àkọ́kọ́, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹbí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi wà nínú ìwé ní èbúté kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dúró lórí ilẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ rì kì í jẹ́rìí. Ìkejì, kí àdúgbò máa fi lẹ́tà fi ewu sùn, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí ẹ̀dà tiwọn. Ìpè lórí fóònù máa ń pòórá. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ni yóò fi hàn pé wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó màlúù. Ìkẹta, kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tó mọ ọ̀nà tésàn, ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba àti ọ̀nà OPD, tí yóò tẹ̀lé ẹbí tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀, n kò wá bá yín jà. Ẹni tó ń wọ ẹ̀wù omi fún èrò rẹ̀, tó ń kọ orúkọ wọn, tó sì ń san ìnṣọ́ránsì rẹ̀, òfin kan náà yìí ni yóò dáàbò bo òun àti ọmọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin opó, ẹ̀yin ọmọ tí bàbá yín kú sẹ́nu iṣẹ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ikú yẹn kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹjọ́ yín lè má tíì kú. Ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó kúrò nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ gba àdírẹ́sì OPD, kí ẹ wá àwọn ìwé yín jáde lálẹ́ òní, kí ẹ lọ lọ́jọ́ Ajé.

Kí Ọlọ́run má fi ikú òjijì bẹ ìlú yìí wò.